Olófòófó Tuntun Lẹ́nu Géètì Wa

Ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀. Mi ò ní gbóhùn sókè, torí ògiri létí, géètì tiwa náà sì ti létí báyìí. Kí n tó sọ ohunkóhun, bí Ìyá Ṣọlá bá bi yín, inú dánfó lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ta gààrí lẹ́nu géètì yìí, kò sẹ́ni tó wọlé tàbí tó jáde tí ojú mi ò tó. Mo mọ ẹni tó ń gbàlejò alẹ́. Mo mọ ẹni tó ń fi ọ̀rá dúdú gbé ìgò wọlé, tó ń pè é ní àgbo jẹ̀dí. Mi ò gbowó iṣẹ́ yìí o, ìfẹ́ ará ilé ni mo fi ń ṣe é. Àfi bí Láńlọ́ọ̀dù ṣe mú ẹnjiníà kan wá, tí wọ́n kan pátákó dúdú kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ mọ́ ara òpó géètì, tí wọ́n pín káàdì funfun fún wa níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó gbé káàdì rẹ̀ sún mọ́ pátákó náà. Á dún "píìn", géètì á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Mo bi ẹnjiníà pé kí ló ń jẹ́. Ó ní RFID. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju kí wọ́n máa fi ìgbì rédíò dá nǹkan mọ̀: táàgì ni káàdì ọwọ́ wa, rídà ni pátákó ara òpó, àwọn méjèèjì sì ní àǹtẹ́nà tiwọn. Ọmọ dáadáa ni, kò tíì níyàwó. Ọmọbìnrin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún tó ń gbé omi tútù fún un lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọ̀hún kì í gbé omi fún bàbá tó bí i. Ìyẹn dọjọ́ mìíràn.

Níbi tó ti ń mu omi yẹn ló ti jókòó ti àtẹ mi, tó fi bíléèdì la káàdì kan tó ti bàjẹ́. Ẹ gbà mí! Waya bàbà tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wé e yíká yíká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ìyá àgbà. Orí waya méjèèjì pàdé lára nǹkan dúdú kan báyìí tí kò ju hóró yanmọtí lọ. Ó parí. Mo fi èékánná tú u síwá sẹ́yìn, mò ń wá bátìrì bí ẹni ń wá ẹran nínú ọbẹ̀ ìparí oṣù. Kò sí bátìrì.

Mo ní, "Ẹnjiníà, ibo wá ni yanmọtí yìí ti ń rí agbára sọ̀rọ̀?"

Ó ní lọ́dọ̀ rídà ni. Waya tó wé bí èyí náà ló wà nínú pátákó ara òpó, ó kàn tóbi jù ú lọ ni. Iná mànàmáná ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ nígbà 125,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ló ń da òòfà sí àyíká rẹ̀. Bí waya mìíràn bá wọ àárín òòfà bẹ́ẹ̀, yóò fẹ́ yóò kọ̀, iná díẹ̀ á wọ inú òun náà. Iná díẹ̀ yẹn ló ń jí ṣíìpù yanmọtí lójú oorun. Bó bá sì ti jí, nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Á sọ ọ́, á tún un sọ, títí wọ́n á fi gbé e kúrò níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bó ṣe ń sọ ọ́. Kò pariwo, torí kò lágbára ariwo. Ẹ ti rí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ́jà, tó ń fà á, tó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, tó tún ń fà á? Ìyá ń ná ata, kò wẹ̀yìn, síbẹ̀ ó mọ̀ pé wọ́n ń fa òun láṣọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Káàdì ń fa òòfà rídà, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, rídà sì ń fi fífà àti jíjọ̀wọ́ yẹn ka nọ́ńbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ ọn dáadáa. Bó bá ti ju àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì lọ, ọwọ́ ọmọ ò tó aṣọ mọ́.

Ìyá Ìbejì ò mọ èyí o. Ó gbé káàdì tirẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó dé e pa, ó ní kí òógùn má baà bà á jẹ́. Agolo yẹn odindi ló ń nà sí rídà láràárọ̀. Rídà ò dún. Ó gbé e lọ sọ́tùn-ún, ó gbé e lọ sósì, rídà dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ló bá ké gbàjarè pé ayé ló ń ṣe òun, pé ẹnì kan nínú ilé yìí ló di ọ̀nà òun pa. Ó sì wo apá ilé Ìyá Bọ́sẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Èébú tí wọ́n bú ara wọn lọ́jọ́ náà, mi ò lè tún un sọ níwájú ọmọdé. Ẹnjiníà ló wá ní kó yọ káàdì jáde nínú agolo. Píìn! Irin ni ò jẹ́ kí òòfà wọlé dé ọ̀dọ̀ káàdì. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì bẹ Ìyá Bọ́sẹ̀.

Ẹ sì má rò pé ohun tí kò ní bátìrì tó ń rojọ́ jẹ́ tuntun láyé. Ẹ gbọ́ ìtàn tí ọmọ yẹn sọ fún mi, torí pé ìyẹn gan-an ni òfófó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, àwọn ọmọ ilé-ìwé Soviet gbé ẹ̀bùn lọ fún Averell Harriman, aṣojú Amẹ́ríkà ní Mosko. Igi tí wọ́n gbẹ́ dáadáa ni, àmì ìjọba Amẹ́ríkà ló wà lára rẹ̀, ẹyẹ idì ńlá tó na ìyẹ́. Ta ni yóò kọ ẹ̀bùn ọmọdé? Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri nínú ilé aṣojú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú igi yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Leon Theremin, ẹni tó ṣe ohun èlò orin tí wọ́n ń lò láì fọwọ́ kàn án. Kò ní bátìrì, kò ní waya tó so mọ́ ibì kankan. Bí àwọn tó wà níta bá da ìgbì rédíò sí i, á jí. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá á máa gbọ̀n ọ́n, á sì máa da ìgbì náà padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú. Bí wọ́n bá pa ìgbì wọn, á kú fin-ín. Ìyẹn ni kò fi tètè hàn sí àwọn tó ń wá irú rẹ̀ kiri. Ọdún 1952 ni wọ́n tó rí i, ní 1960 wọ́n gbé e lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n fi han gbogbo ayé.

Ọdún méje! Èmi tí mo dúró lẹ́yìn wíńdò Bàbá Bọ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, wọ́n ń pè mí ní olófòófó.

Ìran igi yẹn ni wọ́n ka káàdì wa sí. Ní 1948, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Harry Stockman kọ̀wé lórí bí èèyàn ṣe lè fi ìgbì tó bá nǹkan tó padà ránṣẹ́. Ní 1973, Charles Walton ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ìlẹ̀kùn tí káàdì lè ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́. Ẹ rí i pé ọ̀nà jìn kó tó dé òpó géètì wa.

Ti mọ́tò yàtọ̀. Wọ́n fún àwọn onímọ́tò ní bébà kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, wọ́n sì gbé rídà pẹlẹbẹ bí àwo kan kọ́ sókè òpó. Ìgbì ti ìyẹn yára kọjá àlà, bí i mílíọ̀nù 900 nígbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè ka bébà náà láti bí i mítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ò lè fa aṣọ ìyá mọ́. Èyí dà bí ọmọ ilé-ìwé tó mú dígí dání, tó ń fi ìtànṣán oòrùn gún tíṣà lójú: ó ṣí i, ó bò ó, ó ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ti oòrùn ni. Rídà ni oòrùn, rídà náà sì ni tíṣà. Bí ẹ bá gbé bébà yẹn sójú iná, ẹ ó rí àǹtẹ́nà rẹ̀ nínú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìyẹ́ labalábá, ṣíìpù wà láàárín bí ojú abẹ́rẹ́.

Bàbá Ṣọlá, tó jẹ́ alàgbà, ní kò sẹ́ni tó máa ba gíláàsì òun jẹ́. Ó lẹ tirẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irin ni bọ́nẹ́ẹ̀tì o! Ó fun fèrè títí, aládùúgbò jí, rídà ò jí. Nígbà tó gbà lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó tún to ọ̀rá omi sí iwájú rẹ̀ níbẹ̀, omi náà sì máa ń mu ìgbì yẹn bí ìyẹ̀fun ṣe ń mu epo. Ẹnjiníà ní ara èèyàn gan-an, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, pé bí ẹ bá fi ọwọ́ bo bébà náà mọ́lẹ̀, rídà lè máà rí i. Àwọn táàgì kan wà tó ní bátìrì tara wọn, wọ́n ń lò ó fún kọ̀ǹtẹ́nà àti ẹrù ńlá, ìyẹn ń ké láti ọ̀nà jíjìn. Kò kan ilé wa.

Ọjọ́ tí bátìrì tó ń gbé rídà dúró kú ńkọ́? NẸ́PÀ ò mú iná wá fún ọjọ́ méjì. Òòfà tó di géètì mú, iná ló ń jẹ, bí iná sì ti tán, ó tú ọwọ́. Géètì là sílẹ̀ gbayawu láàárín òru. Ewúrẹ́ Àlhájà mẹ́ta wọlé láìní káàdì, wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ mi tán. Láńlọ́ọ̀dù ní kí n kọ̀wé ẹ̀sùn. Ta ni n ó kọ ọ́ sí, ewúrẹ́ àbí òòfà?

Ó yá, ẹ jẹ́ n dé ibi tí mò ń lọ. Gbogbo ìgbà tí rídà bá dún píìn, ó ń kọ nọ́ńbà káàdì náà sílẹ̀, àti àkókò. Nígbà tí wọ́n jí epo jẹnẹrétọ̀, Láńlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí ni Ìyá Ṣọlá rí? Káàdì ọkọ rẹ̀ wọlé ní aago 11:52 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mẹ́rin léraléra. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Ṣọlá ní ìṣọ́ òru ni òun ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, pé ìdájí lòun ń dé. Bó o bá wọlé ní aago méjìlá kù díẹ̀, tí o ò dé yàrá títí di ìdájí, yàrá ta lo wà? Ìkòkò ọbẹ̀ fò. Alàgbà fò.

Èmi mọ òótọ́ ibẹ̀. Mo ń kó ẹrù mi wọlé lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ yẹn nígbà tí Ṣọlá yọ́ wọlé, fìlà bò ó lójú, káàdì bàbá rẹ̀ ló mú dání, ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ló ti ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́. Ìdájí tí ọlọ́dẹ bá ti ṣí géètì sílẹ̀ ló ń wọlé, kì í lo káàdì.

Ṣé mo sọ? Mo dúró kí wọ́n bi mí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò sẹ́ni tó bi mí, wọ́n ní bébà ti sọ tán. Lọ́jọ́ kẹrin ni Ìyá Ṣọlá wá ra gààrí, ojú rẹ̀ wú. Mo wọ̀n ọ́n fún un, mo fi ènì sí i, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyẹn ni Ṣọlá ò ṣe kí mi mọ́.

Ẹnjiníà tiẹ̀ sọ fún Láńlọ́ọ̀dù pé irú káàdì tiwa yìí ń sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún rídà yòówù tó bá bi í, pé àwọn tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ lè dà á kọ sórí òmíràn. Ó ní èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kó tó fọhùn wà, ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ ní mílíọ̀nù 13.56 nígbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń lò, bí i ti káàdì Oyster tí àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń wọ ọkọ̀ láti 2003, àti ti ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó ní ṣíìpù láti 2007. Láńlọ́ọ̀dù bi í ní iye owó rẹ̀. Ó gbọ́ iye owó, ó ní èyí tó wà yìí náà dára.

Nítorí náà, pátákó yẹn ṣì wà lára òpó. Nọ́ńbà ló mọ̀, kò mọ ojú. Èmi ṣì wà nídìí àtẹ mi.

Kóńgò mélòó lẹ ní kí n wọ̀n fún yín?