Ẹ Bi Alàgbà Sípánà: Ọkọ̀ Tó Yadi Níwájú Àna

Lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí pọ̀ ju epo tó wà nínú ọkọ̀ èmi alára lọ. Mẹ́ta tó ń ké jù ni mo mú. Ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó yáa kọ lẹ́tà sáwọn tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

*Alàgbà Sípánà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ní Mókọ́lá. Camry tòkúnbọ̀ tí mo fi ń yangàn ni mo gbé lọ. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, gbogbo ẹbí sìn mí dé ẹnu géètì. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ní "tẹ-tẹ-tẹ-tẹ", ó dákẹ́. Bàbá fúnra wọn bọ́ agbádá, wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin ilé wá tì í. A tì í títí dé ìyànà, pàbó ló já sí. Mẹkáníìkì ní kí n ra kíkì-sítátà tuntun. Ṣé kí n rà á, àbí kí n kúkú wá ìyàwó níbòmíràn?*
Àna Tó Làágùn, Ìbàdàn

Ọmọ mi, fi ìyàwó sílẹ̀ níbi tó wà. Ọkọ̀ tó bá ń ṣe "tẹ-tẹ-tẹ-tẹ" kíákíá, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣẹ́jú, ebi iná ló ń pa á. Èyí tó bá ṣe "kẹ́!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná iwájú sì mọ́lẹ̀ kedere síbẹ̀, ìyẹn la fi ń fura sí kíkì-sítátà. Mẹkáníìkì rẹ ò tíì gbọ́ ẹjọ́ tó fi dá a.

Tan iná iwájú, kí o yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná náà bá kú fin-ín, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, di orí bátìrì mú, kí o mì í. Bó bá ń yí lọ́wọ́ rẹ, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bò ó, o ti bá ọ̀daràn pàdé. Sípánà 10 ni wọ́n fi ń tú u, èyí tí kì í sí nínú àpótí mẹkáníìkì kankan lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Tú nẹ́gátíìfù kọ́kọ́, da omi gbígbóná sí ìyẹ̀fun náà, nù ún gbẹ, fi ohun líle ha irin náà títí yóò fi dán, kí o wá dè é le. Bí kò bá tún dáhùn, ní kí rìwáyà wọn bátìrì náà. Bátìrì tó yó máa ń sún mọ́ fóòtì 12.6, èyí tí kò tó 12, kò lágbára iṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá dé ibẹ̀, ọ́tánétọ̀ ò bọ́ ọ. Bátìrì tuntun tí o bá rà, yóò kú tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ ni.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ yóò yá iná lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, wáyà pupa ni kó kọ́kọ́ lọ sí pọ́sítíìfù bátìrì tó kú, lẹ́yìn náà sí ti èyí tó wà láàyè. Wáyà dúdú lọ sí nẹ́gátíìfù èyí tó wà láàyè. Orí rẹ̀ kejì, irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tìrẹ ni kó mú, níbi tó jìnnà sí bátìrì, torí pé gáàsì inú bátìrì lè gbaná.

Ní ti títì tí ẹ tì í, ọ̀tọ̀mátíìkì ni Camry rẹ. Ẹ lè tì í dé Ọ̀yọ́, kò ní jẹ́. Eré ìdárayá ni Bàbá ṣe. Ojú ló tì ọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ ò kán. Kí Cadillac tó fi sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1912, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí irin tí wọ́n fi ń yí i bá ta padà, ó lè ṣẹ́ni lápá. Padà lọ kí Bàbá. Sọ fún wọn pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé o fẹ́ mọ àwọn tó máa tì ọ́ lẹ́yìn nínú ẹbí.

*Alàgbà, ẹ́ńjìnnì mi ń yí dáadáa, àmọ́ kò gbà. Wọ́n ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n ti pààrọ̀ kọ́ìlì. Mẹkáníìkì ní ó ku ọpọlọ ọkọ̀. Owó ọjà mi ti ń tán lọ o.*
Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ bi í pé ọpọlọ ta ló fẹ́ pààrọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí bó ṣe yẹ, bátìrì àti sítátà ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ó ku epo, iná plọ́ọ̀gì àti afẹ́fẹ́. Ẹ má bínú o, ṣé epo wà nínú ọkọ̀? Gééjì a máa purọ́. Ẹni tó bá sì rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, á mọ̀ pé táǹkì lè kún kó má ṣe é jẹ fún ọkọ̀.

Ẹ pa rédíò, ẹ pa AC, kí àwọn ọmọ dákẹ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ máa gbọ́ "hùùù" láti ọ̀nà ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Pọ́ọ̀ǹpù epo ni. Àwọn Toyota kan ò ní ké àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, nítorí náà kí ẹnì kan gbé etí sí ẹnu táǹkì nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì. Bí kò bá ké, ẹ wo fíúsì, ẹ wo rìlé. Bí nọ́ńbà ara rìlé fèrè bá bá ti pọ́ọ̀ǹpù mu, ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ọkọ̀ bá jí tí fèrè sì yadi, rìlé yẹn ni olè yín, owó rẹ̀ ò sì tó ti ọpọlọ rárá.

Bí pọ́ọ̀ǹpù bá ké, ẹ ní kí wọ́n fi skáànà wò ó. Láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ojú ihò skáànà di dandan nínú ọkọ̀ wọn, abẹ́ sitiárìn ló sì sábà máa ń wà. Bó bá kọ P0335, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì tàbí wáyà rẹ̀ ló ń nàka sí. Ó ń nàka ni o, kò ní kí ẹ lọ rà á ní ọjà Ládìpọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ní kó kó plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì àtijọ́ wá, pé ẹ fẹ́ sin wọ́n. Bí kò bá pa ẹnikẹ́ni, kò ní rí òkú gbé wá.

*Alàgbà, iná ọkọ̀ mi ń tàn, àmọ́ tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kò dún pín-ín. Àbúrò mi ní iṣẹ́ ayé ni. Wòlíì kan ti da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.*
Lánlọ́ọ̀dù, Abẹ́òkúta

Lánlọ́ọ̀dù wa, níbo ni jíà wà? Ọkọ̀ ọ̀tọ̀mátíìkì kì í sítáàtì ní D tàbí R, àfi P àti N. Bó bá wà ní P tó sì kọ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fà á sí N, ẹ tún gbìyànjú. Bó bá jẹ́ níbẹ̀, súwíìṣì jíà ló ń ṣàìsàn. Bí iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá sì ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ ò dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀ nìyẹn. Ẹ mú èyí kejì wá.

Bó bá jí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wòlíì á padà wá fún ọrẹ ìdúpẹ́. Ẹ fún un ní ìdajì. Ìdajì tó kù, ẹ fi ránṣẹ́ sí Alàgbà Sípánà.