Oríkì Ọ́pìṣọ̀n, Òkú Alẹ́ Ọjọ́ Jímọ̀

Ọ́pìṣọ̀n, mo kí ọ o! Ọmọ Wall Street tó dé Ejìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láìwọ ọkọ̀. A-ṣòwò-má-nísọ̀, a-tajà-má-lẹ́rù, òkú alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí kì í fi ogún sílẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ń jí lọ sọ́jà, ìwọ ní kí ọmọ ènìyàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kó fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo kó ọrọ̀ jọ. Ta ni kò ní kí irú ọba bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọba ńlá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń kì í, iṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ kò sì fara sin: àkókò lò ń tà. Ohun tó sì wọ́n jù lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sílé ní Ejìgbò, ní Másífà tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni àkókò tí iná, nẹ́tíwọ̀kì àti báńkì kò ní bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ? Ẹni tó ra ọ́pìṣọ̀n kò tíì ra ìpín ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹ̀tọ́ ló rà, pé òun lè ra ìpín náà, tàbí kí òun tà á, ní iye kan títí di ọjọ́ kan, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí iye ìpín náà bá rìn tó síhà tó fẹ́ kí ọjọ́ tó pé, ó jèrè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó tó san ti wọgbó. Kódà bí ìpín ọ̀hún bá dúró sójú kan, iye ẹ̀tọ́ náà ń joro lójoojúmọ́. A-bá-aago-jẹun, o kú iṣẹ́! Ìṣirò rẹ náà tún wà níbẹ̀ tó yẹ ká fi ìlù kì. Ìwé àdéhùn kan dúró fún 100 ìpín, nítorí náà bí 2.20 bá hàn lójú fóònù, dọ́là méjì àti díẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ gbà, 220 dọ́là ni. Ká ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, ₦330,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ ṣírò iye oṣù tí òṣìṣẹ́ á fi ṣiṣẹ́ láìjẹun kó tó rí i san. Ká tún wá ní 1.80 ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi iye tí wọ́n máa fi rà á padà. Ẹni tó rà á tó sì yí ọkàn padà lójú ẹsẹ̀ ti pàdánù ₦60,000, ìpín náà kò sì tíì mira.

Ọjà rẹ ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ní New York. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán nìyẹn níbí, tàbí mẹ́ta ààbọ̀ nígbà òtútù wọn, ó sì di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ kó tó pa. Àsìkò tí gbogbo ilé ń wá iná gan-an lo yàn, ọba tó mọ àsìkò! NÉPÀ á mú iná lọ, nẹ́tíwọ̀kì á tẹ̀lé e, ojú fóònù á máa yí bírí-bírí, kó tó padà iye tí a fẹ́ tà ti sá lọ. A kò tilẹ̀ tíì sọ ti owó tó gbọ́dọ̀ kọjá òkun. Láti 2022 ni ọ̀pọ̀ báńkì ti ń dín ìnáwó káàdì náírà lókè òkun kù, títí wọ́n fi tì í pa. 2025 ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣí i. Ẹni tó bá sì ní òun á ṣe é nílé, Nigerian Exchange ti bẹ̀rẹ̀ ọjà àdéhùn ọjọ́ iwájú ní oṣù kẹrin 2022, àmọ́ orí àkójọpọ̀ ìpín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe irú rẹ tí wọ́n ń pariwo lórí fóònù.

Àwọn akígbe rẹ á ní sólà wà, Starlink sì ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kìíní 2023. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra sólà, tó ra bátìrì, tó ń san owó Starlink lóṣooṣù, ṣé “fóònù àti dátà nìkan” tí wọ́n fi ń polówó rẹ ló kù yẹn? Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé iná kò lọ rárá. Ní Íńdíà, àwọn ènìyàn ń ṣe òwò yìí nínú ọjà tiwọn, pẹ̀lú owó tiwọn, ní ojúmọmọ tiwọn. SEBI, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín níbẹ̀, gbé ìwádìí jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024: láàárín ọdún ìṣúná mẹ́ta, 93 nínú 100 aládàáni tó ń ṣe é ló pàdánù. Àwọn méje yòókù jèrè, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló kó èrè tó jọjú, ẹ̀rọ tó ń dá ṣòwò ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé fún wọn. Ẹ̀rọ yẹn ni ọmọ tó wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ní Ejìgbò fẹ́ bá du ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹlòmíràn á ní òwò wo ni kò léwu, pàápàá fún ọmọ Ejìgbò tí bàbá rẹ̀ kó ẹrù lọ Àbíjàn? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, nítorí ìlú tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ tààrà sí Àbíjàn, tí owó séfà sì ń ná nínú rẹ̀, kì í ṣe ìlú ojo. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò tà ní Treichville ní Àbíjàn lónìí ṣì jẹ́ aṣọ lọ́la. Wọ́n lè dín owó rẹ̀ kù, wọ́n lè gbé e lọ sọ́jà mìíràn. Ìwọ ẹ̀wẹ̀, bí aago bá lù, o di òfo. Kò burú fún ẹni tó ti ní ìpín púpọ̀ tó fẹ́ fi ọ́ dáàbò bò ó, iṣẹ́ rẹ gidi nìyẹn. Ó sì yà mí lẹ́nu pé BRVM, ọjà ìpín tó ń sin orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, wà ní Àbíjàn láti 1998, níbi tí ẹbí wa pọ̀ sí, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa kì í.

Ó ku àwọn ẹbí rẹ tí wọ́n ń fara wé ọ. “Binary options”, tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí iye ọjà, ni àkọ́kọ́: ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin de títà á fún ará ìlú ní oṣù keje 2018, Britain tẹ̀lé e ní oṣù kẹrin 2019. CBEX, ìkànnì ìdókòòwò orí ẹ̀rọ ayélujára, ni èkejì, tó ní ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ló ń bá òun ṣòwò, tó ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ní oṣù kẹrin 2025 owó há, wọ́n tún ní kí àwọn ènìyàn san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè gbà á. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ní Nàìjíríà, ní CBEX kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí wọ́n ń pè sí kíláàsì ìṣòwò, àti ẹ̀yin ọmọ UNIOSUN tó wà ní Ejìgbò, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú àkọsílẹ̀ SEC. Ọ̀fẹ́ ni.