Sí Bọ̀dá Mi Ní Mushin, Lórí Ọ̀rọ̀ Owó Ọ̀fẹ́

Bọ̀dá mi,

Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ti dé Zaria. Ẹ ní gbogbo owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń pín, àwọn àbókí ló ń kó o jẹ: wọ́n á jókòó, wọ́n á bímọ, wọ́n á nawọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kọjá Lọ́kọ́ja rí!

Mo kúrò ní Sabon Gari lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gba ẹnubodè Ƙofar Doka wọ ìlú àtijọ́, Birnin Zazzau, kí n lè bá yín wá àwọn ajókòó-jẹun yìí. Àwọn tó jókòó wà lóòótọ́, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn: wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sára bàbáńrìgà, irú èyí tí ẹ máa ń wọ̀ ṣakọ lóde. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí mo mọ̀. Ẹlẹ́hàá ni, kì í jáde. Ó ti lọ ẹ̀pà tán, ó ń fọwọ́ fún un kí òróró lè jáde, ó ń yí ìyókù róbótó, ó sì ń sọ ọ́ padà sínú òróró yẹn náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń gbé kúlíkúlí náà kiri. Orúkọ ìyá yìí wọ inú ìwé ìjọba nígbà kan, ó ń gba 5,000 náírà lóṣù, nígbà tó yá, a ò gbúròó owó náà mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń bá yín san nínú owó bẹntiróòlù títí di 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo ti parí? Ọkọ̀ méjì, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí! Ìyá yìí ò ní kẹ̀kẹ́ ológeere. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló jẹ owó ìjọba jù?

Ẹ ó ní àwọn almájírì tó ń gbé abọ́ kiri ńkọ́. Wọ́n wà, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dun àwọn ará Zaria fúnra wọn. Àjẹkù ilé onílé ni wọ́n ń jẹ, kì í ṣe owó ìjọba.

Ẹnu yín jọ ti Ronald Reagan. Lọ́dún 1976, nígbà tó ń wá ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ó ń sọ kiri pé obìnrin kan ní Chicago ní orúkọ 80 àti àdírẹ́sì 30 tó fi ń gbowó ìjọba. Obìnrin náà wà, gbájúẹ̀ paraku sì ni, àmọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ kò ju orúkọ mẹ́rin àti nǹkan bíi 8,000 dọ́là lọ. Reagan ò sọ àwọ̀ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn tó ń gbọ́ ọ ti bá a kùn ún ní dúdú. Bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí ìjọba ibẹ̀ ń fún lówó oúnjẹ lónìí, òyìnbó ló pọ̀ jù. Ọmọ yín tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Chicago, ṣé ẹni tó gba ìtàn yẹn gbọ́ máa bi í bóyá ọmọ Mushin ni? Àbókí lòun náà níbẹ̀, Bọ̀dá.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Ààrẹ ní kí mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìní lọ rọ́ọ́kún nílé, nítorí mílíọ̀nù 585 náírà tí mínísítà náà ní kí wọ́n san sínú àkáǹtì ẹnì kan. Èkó àti Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí owó náà wà fún. Mi ò gbọ́ ohùn yín lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Páálí kúlíkúlí kan ń bọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, 6,000 náírà ni. Ìyá yẹn kì í tàwìn, owó ara mi ni mo fi san án, nítorí náà ẹ tètè fi owó náà ránṣẹ́.

Èmi àbúrò yín,
Sabon Gari, Zaria