Ọ̀dà Ríìmù Tí Kò Bá Wa Ṣe Igogo

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin èèyàn Ìfọ́n àti Ìdó-Àní, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò lágbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ẹni tí n ó pè lẹ́jọ́ gan-an ni n kò tíì mọ̀, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá nàka sí ló ń nàka sí ẹlòmíràn. Nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kó ríìmù alọ́ì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún pẹ́ńtà kan kó bá mi tún wọn ṣe. Ó tún wọn ṣe lóòótọ́. Wọ́n ń dán débi pé ìyàwó mi fi ọ̀kan nínú wọn ṣe dígí, ó dúró níwájú rẹ̀ wé gèlè. Kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, ọ̀dà ti ń ṣí lára wọn, èyí tó wà níwájú lápá ọ̀tún sì ti wọ́.

Ẹ sì mọ ohun tí oṣù kẹsàn-án jẹ́ ní Ọ̀wọ̀. Ọdún Igogo ni. Lásìkò ọdún náà, a kì í lu ìlù nígboro; agogo ni wọ́n ń lù nítorí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba ìgbàanì tí wọ́n ń ṣèrántí rẹ̀. Fìlà á sinmi nílé, gèlè náà á sinmi. Inú ìlú tó wà báyìí ni mọ́tò mi ti ń dún gbúdù-gbúdù-gbúdù bí mo ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkàrẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan dá mi dúró, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń lu bẹ̀ǹbẹ́ síbẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ríìmù ni." Ó ní kí n lọ sọ fún ríìmù náà pé èèwọ̀ ni.

Ilẹ̀ Faransé ni wàhálà ríìmù alọ́ì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1924 ni Ettore Bugatti gbé mọ́tò ìdíje rẹ̀ tó ń jẹ́ Type 35 jáde lórí ríìmù alumíníọ̀mù. Èrò rẹ̀ dára: alumíníọ̀mù fúyẹ́ ju irin lọ, ó sì ń tètè gbé ooru bíréèkì dànù. Eré ìje ni ọkùnrin náà fẹ́ sá. N kò gbọ́ pé ó fẹ́ ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ́n lọ sí Bìní. Ṣùgbọ́n lónìí, mọ́tò tòkúnbọ̀ tó bá wọ̀lú láìní alọ́ì lẹ́sẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa wò ó bí ìyàwó tí ọkọ kò ra bàtà fún.

Ríìmù onírin tiwa àtijọ́, tó bá já sí kòtò, á wọ́. Fọkanáísà á gbé e kalẹ̀, á fi òòlù lù ú, á padà sípò, ẹ ó sì máa bá ìrìn àjò yín lọ. Alọ́ì kì í gba irú ìlù bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n po sílíkọ́ọ̀nù àti màgnísíọ̀mù díẹ̀ mọ́ ni wọ́n ń yọ́ dà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún kì í bọ ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 540 ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á tún fi ooru díẹ̀ yan án kó tó le dáadáa. Iná ilé-iṣẹ́ ló fún un lágbára. Iná wẹ́dà ló ń gbà á padà.

Ẹ tún wo táyà fúnra rẹ̀. Corolla mi ti ń wọ 195/65 R15 tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà àárín yẹn, 65, ń sọ iye tí gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣírò ó, ẹ ó rí i pé rọ́bà tó tó 127 mìlímítà ló wà láàárín ríìmù àti kòtò. Ọmọkùnrin mi wá dé láti Pólì, ó ní mọ́tò bàbá òun ń dójú ti òun lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó bá wa wá ríìmù 17 tó ń wọ 215/45. Ẹ ṣírò ìyẹn náà: 97 mìlímítà. Wọ́n yọ rọ́bà tó ju ìwọ̀n ìka kan lọ kúrò lábẹ́ wa, wọ́n ní ìgbàlódé ni. Àwọn agbégilódò kò gbọ́ nípa ìgbàlódé náà, wọ́n ń gbẹ́ kòtò wọn lọ. Ọjọ́ tí mo já sí èyí tó ṣe mí báyìí, n kò tilẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀ wò ó. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà Ìfọ́n ṣe ń bani lẹ́rù. Ta ni yóò dúró nínú igbó yẹn, kó máa fọwọ́ pa ríìmù lára? Mo ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, mọ́tò ń sunkún, èmi náà ń gbàdúrà.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá pẹ́ńtà. Ó ní ọ̀dà òun kò lẹ́bi, wẹ́dà tó fi iná yan ríìmù kó tó dé ọ̀dọ̀ òun ni kí n lọ bá. Wẹ́dà ní òun tọ́ ọ dáadáa, fọkanáísà tó fi irin tú táyà ló họ ọ́ létí. Fọkanáísà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ṣé eyín ni kí n fi tú táyà ni?" Ó ní ọ̀nà ni kí n bá wí. Mo bi ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nípa ọ̀nà. Ó ní ọ̀nà yẹn, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, kí n gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sí Àbújá. Àbújá! Ọ̀nà wo ni n ó gbà débẹ̀?

Ohun tó dùn mí ni pé gbogbo wọn ló jàre. Wẹ́dà fi iná gáàsì sí i lóòótọ́. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ojú á ti rí i, ọwọ́ á ti fà sẹ́yìn. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ní 660 ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì ló ń yọ́, kò sì ní yí àwọ̀ padà kó fi ta yín lólobó. Wẹ́dà tó bá ń fojú wọn iná lára alọ́ì, àdúrà ló ń gbà. Bó bá sì jẹ́ pé ríìmù ti sán nínú lọ́hùn-ún, níbi tí táyà jókòó lé, àwọn tó mọṣẹ́ kì í jó o mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ lọ ra òmíràn. Tèmi, wọ́n jó o, wọ́n fi fíìlà dí ojú rẹ̀, wọ́n fi sáńdípépà fá a, wọ́n wá kùn ún. Fíìlà lára ríìmù! Nǹkan tí bíréèkì ń yan lójoojúmọ́, tí kòtò ń gbá létí lójoojúmọ́! Alumíníọ̀mù gbóná, ó nà, fíìlà kò bá a nà dọ́gba, wọ́n túká.

Fọkanáísà náà kò purọ́ pé kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ òun. Irin méjì ló ní, ó ki wọ́n bọ abẹ́ etí táyà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì họ kílíà tó bo ọ̀dà lórí kúrò ní etí ríìmù. Ibi kékeré yẹn tó fún omi. Omi á rá pálá wọ abẹ́ ọ̀dà, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan funfun lúbúlúbú kan, á máa ti ọ̀dà sókè láti abẹ́. Nígbà tí ẹ bá fi rí i lókè, ó ti rìn jìnnà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò wá ń fi kànìnkànìn onírin parí èyí tó kù.

Bẹ́ẹ̀, tòkúnbọ̀ la rà. Ríìmù náà ti rìn ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ti ń jẹ ẹ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó tà á fún wa fi sílífà pa á lára, ó dán, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń jẹrà. Òun ló fà á tí táyà kan fi ń rọ̀ láràárọ̀ láìsí ìṣó kankan lára rẹ̀: etí ríìmù ti rí pálapàla, kò lè di afẹ́fẹ́ mú mọ́. Ẹ ó fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ ó sanwó, ẹ ó tún pàdé lọ́la. Èmi tí dókítà ní kí n yé jẹ iyọ̀, èmi náà ni mo lọ ra ríìmù tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí.

Kí n tó sanwó, mo bi pẹ́ńtà bí ọ̀dà náà yóò ṣe pẹ́ tó. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa gbádùn ẹ̀ ni." Mo ní ọdún mélòó? Ó ní, "Títí lọ." Mo ní práímà ńkọ́? Nítorí alumíníọ̀mù tí ẹ bá fá tán, kíá ni afẹ́fẹ́ á ti fi awọ tín-ín-rín bò ó, ọ̀dà lásán kì í sì í dì mọ́ awọ yẹn dáadáa. Alumíníọ̀mù ní práímà tirẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú. Pẹ́ńtà fi agolo kílíà hàn mí, ó ní èyí ló ń dán jù.

Mo pe àbúrò mi tó wà ní Peckham, ní London. Ó ní níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi kẹ́míkà bó gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi ẹ̀rọ fọ́n yanrìn sí i lára títí yóò fi mọ́, wọ́n á wá fọ́n ọ̀dà tó rí lúbúlúbú sí i, wọ́n á sì yan án nínú ààrò ní nǹkan bí 200 ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ó lè lo ọdún márùn-ún, kó tún lé. Ààrò pẹ́ńtà tèmi ni oòrùn Ọ̀wọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òjò dé, ààrò kú.

Àbúrò mi náà kò ṣàì ráhùn o. Ó ní irú ríìmù tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lójú kó lè máa kọ mànà, omi tètè ń wọ abẹ́ kílíà tirẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ, wọn kò sì lè máa gé e lọ láìlópin, torí pé gígé kọ̀ọ̀kan ń bù nínú ara ríìmù. Ó ní kọ́bù ẹ̀gbẹ́ títì ló họ tòun. Kọ́bù! Mo ní kó dákẹ́. Ẹni tó ní kọ́bù ti ní títì.

Ìlú wa yìí mà mọ iṣẹ́ tó ń pẹ́ ṣe nígbà kan. Lọ́dún 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo gbẹ́lẹ̀ ní Igbó'Láàjà níbí ní Ọ̀wọ̀, ó hú àwọn ère amọ̀ tí wọ́n ti wà nísàlẹ̀ láti bíi sẹ́ńtúrì kẹẹ̀dógún. Amọ̀ ni o! Ẹ ó sì rí ojú, imú àti ẹnu lára wọn kedere. Àwọn tó mọ wọ́n kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, n kò sì rò pé wọ́n sọ fún oníbàárà kankan pé yóò lọ títí lọ.

Lánàá, pẹ́ńtà fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní owó kan ṣì ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Ó ní Kérésì ń bọ̀, ṣé kí òun kúkú bá mi kùn wọ́n ní dúdú báyìí, pé dúdú ló wà lóde, kì í sì í fi ìdọ̀tí bíréèkì hàn. Mo fèsì pé owó rẹ̀ ń bẹ nínú kòtò ńlá tó wà lápá ọ̀tún téèyàn bá ti kúrò ní Ìfọ́n, tó forí lé Bìní. Kó lọ gbà á níbẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.