Alágbára Má Mèrò Pàdé Rhino

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò mọ Spider-Man, àmọ́ òun ni wọ́n ń bá wí. Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ẹni tó dì í mú lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá wí. Spider-Man tirẹ̀ ń gun ògiri, ó ń fọwọ́ dá ọkọ̀ dúró. Olúwa rẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì ni kò fẹ́ ka ojú ìwé méjì.

Eré tí mò ń sọ ni Marvel Champions, eré káàdì tí Fantasy Flight Games ti ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019. Ẹnì kan lè dá a ṣe, ẹni mẹ́rin sì lè jọ ṣe é. Kò sí pé ẹ ń bá ara yín díje o. Gbogbo yín lẹ jọ dojú kọ ọ̀daràn kan tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ẹnu, káàdì ló ń darí rẹ̀. Rhino ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ̀mí rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ 28, 14 fún orí kọ̀ọ̀kan.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí káàdì kan bá fi Tough wọ Rhino. Iṣẹ́ Tough kò ta kókó: ìyà yòówù tí ì bá jẹ ẹni tó wọ̀ ọ́, kò ní jẹ ẹ́ mọ́, Tough ni yóò bọ́ sílẹ̀ dípò. Kò bèèrè bí ìyà náà ṣe pọ̀ tó. Ẹyọ kan ni o, mẹ́jọ ni o, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Àwọn ìkọlù kan wà tó ní Piercing, tí wọ́n máa ń bọ́ Tough dànù kí ìyà tó balẹ̀, àmọ́ ti ọ̀gá wa tó di Spider-Man mú kì í ṣe ara wọn. Swinging Web Kick ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì tó ń fi ìyà 8 jẹ ọ̀tá. Owó rẹ̀ jẹ́ 3, káàdì ọwọ́ rẹ̀ yòókù ló sì dà nù láti fi san án. Ó dìde dúró. Ó fi káàdì lu tábìlì gbàmù: “Mẹ́jọ!” Tough bọ́. Rhino kò mira. 28 ṣì ni 28, àtẹ́lẹwọ́ alágbára nìkan ni ìyà náà bá.

Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ di Black Panther mú. Black Panther ní Retaliate 1: ẹni tó bá kọlù ú, tí kò bá rí i gbé ṣubú, yóò jẹ ìyà ẹyọ kan padà. Ká ní Spider-Man ti ní sùúrù díẹ̀ ni, tí Panther kàn dúró kí Rhino wá bá a. Bóyá ìyà Rhino wọ Panther lára o, bóyá kò wọ̀ ọ́ o, Retaliate kò wo ìyẹn, ìkọlù ló ń wò. Èékánná kan ṣoṣo ì bá ti bọ́ Tough lọ́rùn Rhino lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́jọ ì bá sì wọlé pé pérépéré.

Ti Black Cat ló dùn mí jù. Alábàáṣe Spider-Man ni, ẹ̀mí 2 péré ló ní. Rhino gba káàdì Charge: ìkọlù rẹ̀ tó jẹ́ 2 di 5, ó sì gba Overkill mọ́ ọn. Ọ̀gá wa ṣírò pé bí Spider-Man bá fúnra rẹ̀ gbèjà, yóò ti rẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tún kàn án láti jà. Ló bá ti Black Cat síwájú. Wọ́n ṣí káàdì tó ń bù kún ọwọ́ ọ̀daràn, ẹyọ kan wà lórí rẹ̀, 5 di 6. Black Cat gba 2, ó ṣubú. Ti Overkill sì ni pé ìyà tó bá ṣẹ́kù lára alábàáṣe kì í sọnù, ọ̀gá rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Spider-Man jẹ 4. Ká ní òun fúnra rẹ̀ ló gbèjà, ààbò 3 tó ní ì bá yọ 3 kúrò nínú 6, 3 péré ni ì bá jẹ, Black Cat ì bá sì wà lórí ìdúró. Ó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe apata, ó tún jẹ ju iye tí ì bá jẹ lọ.

Àmọ́ òwe yẹn gbàgbé ẹnì kan, ìyẹn amèrò má ṣeré. Ìgbà tí ìyà 4 balẹ̀ ni ti ọ̀gá wa tó jí. Ó ní ṣebí Spider-Man ní ààbò 3, kí ló dé tí kò yọ nínú 4? Wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá gbèjà nìkan ni ààbò wà fún. Kò gbà. Oúnjẹ tutù. Wọ́n ń bá Rhino ṣẹjọ́, Rhino kò sì gba lọ́yà. Ìwé òfin méjì ló wà nínú páálí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, ọ̀kan tó ń kọ́ni ní eré, ọ̀kan tó ń parí àríyànjiyàn. Èkejì yìí ṣì mọ́ tónítóní, kò tíì sí ọwọ́ tó kàn án.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe Arkham Horror: The Card Game ní 2016. Nínú tìyẹn, bí ẹ bá wá ìdáhùn sí ọ̀ràn kan títí tí ẹ kò rí i, èyí tó burú jù fún yín ni kí ẹ mú, kí ẹ sì máa bá eré lọ. Mo ní ká yá òfin yìí lò, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá wa ní eré mìíràn nìyẹn, òfin rẹ̀ kò kàn wá. Láti ìrọ̀lẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sọ òfin tí ó sì tọ̀nà.