Ẹ Bi Bàbá Onímọ̀ràn: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tí Ó Fẹ́ Fi Bàálù Yí Ayé Ká

Láti ìgbà tí a ti ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú, aáwọ̀ ọkọ àti aya, ẹ̀sùn ìyá ọkọ, àti ìráhùn ayálégbé tí onílé fi kún owó ilé rẹ̀ láìbá a dí ihò orí òrùlé, ni ó máa ń kún àpò lẹ́tà wa. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, èmi kò mọ ẹ̀mí tí ó gun àwọn ènìyàn, gbogbo ẹni tí ó mú gègé ni ó fẹ́ wọ bàálù yí ayé ká, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ London tàbí Mẹ́kà nínú wọn, àfi àwọn erékùṣù tí ẹni tí ó ya àwòrán ayé pàápàá fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ sí orí ìwé kí ó má baà gbàgbé wọn. Mo ti ka àwọn lẹ́tà náà, mo ti rẹ́rìn-ín, mo sì ti wádìí. Kí ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn mi má wá bá mi jà, kí ẹni tí kò bá gbà á náà má wá bá mi jà.

*Bàbá Onímọ̀ràn, mo kí yín o. Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, owó ìfẹ̀yìntì mi sì ti jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúrà. Mo fẹ́ fojú ara mi rí St Helena, Tuvalu àti Rapa Nui kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí a ń rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó sì ń gbé ènìyàn yí gbogbo ayé ká. Ṣé òótọ́ ni? Ìyàwó mi ní kí n fi owó náà kọ́ ilé iwájú. — Arìnrìnàjò, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.*

Arìnrìnàjò, ọ̀gá mi, ẹ kú oríire owó tí ó jáde. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì òótọ́ náà pamọ́. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù ńláńlá tí wọ́n para pọ̀ di ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà, òfin rẹ̀ sì le ju òfin ìyá ọkọ lọ: bí ẹ bá ti kọjú sí ìlà-oòrùn, ìlà-oòrùn náà ni ẹ óò máa bá lọ, òkun Àtìláńtíìkì àti òkun Pàsífíìkì ni ẹ gbọ́dọ̀ là kọjá, orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbéra ni ẹ óò padà sí kí ọdún kan tó pé, ẹgbẹ́ tí ó ń jẹ́ oneworld sì là á mọ́lẹ̀ nínú tirẹ̀ pé ìwọkọ̀ mẹ́rìndínlógún ni òpin. Ìdajì tí ọ̀rẹ́ yín fi pamọ́ ni pé bàálù tí ó ń lọ sí ibi tí ọkàn yín ń fà sí gan-an kì í sábà sí nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Airlink, tí ó ń gbé èrò láti Johannesburg lọ sí St Helena, kò bá wọn dá ẹgbẹ́. LATAM, tí ó ń ná ọ̀nà Rapa Nui láti Santiago, olú-ìlú Ṣílè, ti jáde kúrò nínú oneworld láti 2020. Tíkẹ́ẹ̀tì ayíká-ayé yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ óò sì san owó ìyẹ̀wù lọ́tọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò yín láti Èkó bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe. Ọ̀dọ̀ bàálù tí ó háwọ́ jù lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn tí ó lawọ́ dí àlàfo tí ó bá kù. Bàálù St Helena ni mo ń wí, tí ó sábà máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọn kò tí ì dé St Helena ni, níbi tí ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ọjà, tí ọ̀nà náà sì máa ń sùn láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ẹtì. Pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀ gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, tí etí gbogbo ayé ti gbọ́ ọ, ni wọ́n tó fẹ̀rí hàn pé atẹ́gùn orí àpáta ibẹ̀ a máa yí ìwà padà lójijì, tí kò sì ní jẹ́ kí bàálù ńlá bà wọ́ọ́rọ́wọ́. October 2017 ni bàálù èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀ déédéé, ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ó kún bámúbámú. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ni, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lórí alagbalúgbú. Bí atẹ́gùn bá sì kọ̀ lónìí, awakọ̀ kì í bá a jiyàn, yóò gbé yín padà síbi tí ó ti rí ilẹ̀. Ẹ kò wá gbọdọ̀ dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ yín sí ọ̀túnla ọjọ́ tí ẹ óò dé, àfi bí ẹ kò bá fẹ́ràn àna náà.

Ẹ gba físà Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ sì fi ìwé abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú sínú àpò àyà. Nígbà tí ẹ bá dé St Helena, gbogbo ènìyàn ni yóò fẹ́ mú yín lọ wo ilé tí Napoleon, kábíyèsí ajagun ará Faransé, kú sí ní 1821, ọdún kan náà tí àwọn amúnilẹ́rú kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn. Wọn yóò sì fi àtẹ̀gùn Jacob hàn yín, tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 699, tí èmi kò gba ẹni tí ó ti fẹ̀yìntì níyànjú láti gùn láìkọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Ilé gómìnà ni kí ẹ yà sí ní tiyín. Níbẹ̀ ni Jonathan ń gbé, ìjàpá tí wọ́n gbà pé nǹkan bí 1832 ni ó jáde nínú ẹyin, tí kò sì sí ẹranko orí ilẹ̀ mìíràn tí a mọ̀ pé ó wà láàyè tí ó dàgbà tó o. Alábahun Àjàpá nìyẹn o, Tìrókò ọkọ Yánníbo! Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí ó bá sì dá yín lóhùn, kí ẹ rọra bi í nípa gbogbo gbèsè tí ó jẹ sílẹ̀ nínú àlọ́ wa, nítorí ó jọ lójú mi pé ìdí tí ó fi lọ fìdí kalẹ̀ sáàárín òkun nìyẹn.

Fíjì ni a ti ń bọ́ sí Tuvalu. Ní Funafuti, olú-ìlú ibẹ̀, ọ̀nà tí bàálù ń bà sí, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà là nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun náà ni pápá bọ́ọ̀lù ìlú, òun ni ọ̀nà alùpùpù, òun sì ni ibi tí tọmọdé tàgbà ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Bí bàálù bá ń bọ̀, fèrè a dún, gbogbo ènìyàn a sì yà. Bí tiyín bá pẹ́ lókè, ẹ má bú awakọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbá pẹ́nárítì ni.

Ní ti Rapa Nui, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni ẹ óò fi máa wo omi lásán láti Santiago. Ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín nípa ibi tí ẹ óò bà sí, nítorí ní àwọn ọdún 1980 àwọn ará Amẹ́ríkà mú ọ̀nà bàálù ibẹ̀ gùn sí i kí ọkọ̀ wọn tí ń lọ sí ojú sánmà lè ríbi sá sí bí wàhálà bá dé. Ọkọ̀ náà kò wá rí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà di tiyín. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n nà ró ni ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, tí wọ́n dojú kọ ìlú. Láti 2018 ni òfin ti wà pé àlejò kò gbọdọ̀ lò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ níbẹ̀, nítorí àwọn ará ibẹ̀ mọ ẹni tí ó wá ṣe àlejò yàtọ̀ sí ẹni tí ó wá ra ilẹ̀.

Ìyàwó yín àti ilé iwájú ni ó kù. Ẹ má bá a jiyàn rárá. Ẹ kàn sọ fún un pé tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì fi orúkọ ẹnì kejì pamọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún bíríkìlà pé kí ó máa lọ ilé rẹ̀.

*Bàbá, ẹ gbà mí. Mo jẹ alájọ, mo jẹ ẹgbẹ́, mo tún jẹ ìyá oníkọ́kọ́. Mo gbọ́ pé ibì kan wà lókè téńté ayé tí ó ń jẹ́ Svalbard, tí wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sá lọ. — Ẹni Tí Wọ́n Ń Wá, Mushin.*

Ọmọ mi, ẹni tí ó sọ fún ọ kò parọ́. Àdéhùn tí àwọn ìjọba fọwọ́ sí ní Paris ní 1920 ló gbé Svalbard lé Nọ́wè lọ́wọ́, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tí a ń bi ní físà níbẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọba, ìbáà ṣe ajigbèsè. Longyearbyen ni orúkọ ìlú ibẹ̀, bàálù sì ti ń bà síbẹ̀ láti 1975. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi oore kan kún un fún ọ: nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù April ni oòrùn yọ níbẹ̀, kì í sì í wọ̀ mọ́ títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù August. Bí ìwọ bá ti débẹ̀, kí o kọ̀wé sí alájọ rẹ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí o fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí, kí o sì búra pé kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, owó rẹ̀ yóò pé. Oṣù mẹ́rin gbáko ni o rí gbà yẹn, o kò sì parọ́ fún ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n etí ọba nílé, etí ọba lóko, jẹ́ kí n fi ihò tí ó wà níbẹ̀ hàn ọ́. Nọ́wè ni bàálù rẹ yóò gbà kọjá, Nọ́wè sì ń béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, wọlé-jáde méjì pàápàá, nítorí nígbà tí o bá kúrò ní Svalbard ìwọ yóò tún wọ ilẹ̀ wọn padà. Ẹnu ọ̀nà kò ní ìlẹ̀kùn, àgànjù ni wọ́n tì. Ẹni tí yóò fún ọ ní físà náà yóò sì ní kí o mú ìwé báńkì wá, kí òun rí bí owó rẹ ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ọ̀rẹ́ mi, bí ìwọ bá ní irú ìwé báńkì bẹ́ẹ̀, kí ni ìyá oníkọ́kọ́ ṣe tí o kò fi san tirẹ̀? Gómìnà Svalbard náà ní àṣẹ láti lé ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jáde lẹ́yìn ìlú gbọ́dọ̀ mú ohun tí yóò fi lé béárì funfun lọ́wọ́. Má sì sọ fún mi pé Micronesia ni wàá wá sá lọ, nítorí pé àwọn náà kì í béèrè físà fún ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàálù tí ó ń tò láti erékùṣù dé erékùṣù níbẹ̀, Honolulu ni ó ti ń gbéra, Guam ni ó sì ń parí rẹ̀ sí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni méjèèjì. San owó ìyá oníkọ́kọ́. Òun ló kéré jù nínú wọn, òun ni yóò sì pariwo jù.

*Bàbá wa, mo fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń ní ìnáwó mìíràn lọ́jọ́ Sátidé. Ǹjẹ́ ibì kan wà láyé tí mo ti lè ṣe ọjọ́ ìbí kan náà lẹ́ẹ̀mejì? — Ìyá Ọlọ́jọ́ Ìbí, Abẹ́òkúta.*

Ìyá wa, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ni ẹ kọ lẹ́tà tí ó dára jù. Ẹ gba Samoa lọ. Láàárín Apia, tí ó jẹ́ olú-ìlú Samoa, àti Pago Pago, tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, bàálù kékeré kì í lò tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó ń pín ọjọ́ sọ́tọ̀ wà láàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó kúrò ní Apia lọ́jọ́ Sátidé yóò dé Pago Pago lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jó ijó ọgọ́ta ọdún ní Apia lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹ wọkọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ óò sì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ẹ sùn, ẹ jí, Sátidé tún dé, ẹ tún pé ọgọ́ta. Aṣọ ẹbí méjì ni mo gbà yín níyànjú.

Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni o. Láti ìgbà tí ẹ bá ti gbéra láti ilé tí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń bù kúrò lára ọjọ́ yín ní ìlú dé ìlú. Ohun tí wọ́n ti bù ni ìlà náà dá padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará Samoa mọ̀ ọ́n lára: ní 1892, wọ́n ka ọjọ́ kẹrin oṣù July lẹ́ẹ̀mejì, ní 2011, nítorí òwò wọn pẹ̀lú Ọsirélíà àti New Zealand, wọ́n fo ọgbọ̀njọ́ oṣù December pátápátá, ẹni tí a bí lọ́jọ́ náà kò sì rí ọjọ́ ìbí rárá lọ́dún yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń tijú láti sọ. Nínú bàálù kékeré àgbègbè yẹn, orí òṣùwọ̀n ni a máa ń gbé èrò lé kí ó tó wọlé, iléeṣẹ́ kan ní Samoa sì fi ìwọ̀n ara èrò bu owó ọkọ̀ ní 2013. Aṣọ òkè, gèlè, iyùn ọrùn, gbogbo rẹ̀ ni òṣùwọ̀n ń kà. Ẹ wọ ankara lọ, kí ẹ sì fi ẹrù aṣọ òkè sí ọwọ́ àbúrò yín tí ó pẹ́lẹ́ńgẹ́. Bí ẹ bá sì gba Auckland kọjá, kí ẹ sọ gbogbo èlùbọ́, ògbólógbòó ẹja gbígbẹ àti irú tí ó wà nínú àpótí yín fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fi oúnjẹ pamọ́ níbẹ̀, 400 dọ́là New Zealand ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú kan náà, irú náà kò sì ní wọlé.

*Bàbá, bàálù wo ni ó ń lọ sí Tristan da Cunha? Ọ̀rẹ́ mi ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. — Olójú Kòkòrò, Òṣogbo.*

Kò sí. Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Tristan da Cunha, kò sì sí ìgbà kan tí ó wà. Ọkọ̀ ojú omi láti Cape Town ni, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ erékùṣù náà ni yóò sì kọ́kọ́ gbà pé kí o wá. Lọ gba owó rẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ lónìí, kí òun náà tó kọ̀wé sí mi béèrè ọ̀nà Svalbard.