Sí Àbúrò Mi Tó Pe Ọkọ Ìyàwó Ní Ọkọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, onídírọ́ọ̀mù tó di ọmọ Àyàn lójijì,

Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ òsì rẹ tó wú. Ìyá rẹ ní inú omi gbígbóná lò ń rì í sí lálaalẹ́. Pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ kí n tó káàánú rẹ, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyàwó tó o sọ di àgbẹ̀.

O ní "ọkọ ìyàwó" lo fẹ́ fi ìyáàlù dùndún pè lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Ó dáa. Ọwọ́ òsì rẹ fa ọṣán, okùn awọ ara ìlù, jù, ìlù sì ké "ọkọ́ ìyàwó" síta gbangba. Mo rí ìyá àgbà kan tó yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń bèèrè pé ṣé oko ni wọ́n ń mú ìyàwó lọ ni. Ká ní o tú ọṣán sílẹ̀ pátápátá ni, "ọ̀kọ̀" ni ì bá jáde, àwọn àna ì bá sì máa wá ẹni tó gbé ohun ìjà wá síbi ìgbéyàwó.

Kọ̀ǹgọ́ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ yá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá ti lu dírọ́ọ̀mù, ó parí. Bó o bá lu ìyáàlù, ọwọ́ òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni.

Ohùn ìsàlẹ̀ kò le: fi ọṣán sílẹ̀. Ti òkè náà kò le: fà á dáadáa. Ti àárín ló ń mú ènìyàn làágùn, torí kò ní ibùjókòó. Bójú ọjọ́ bá tutù, awọ ewúrẹ́ á dẹ̀. Bóòrùn bá mú, á le. Ibi tí ìka rẹ fà á dé lánàá lè má bá tòní mu. Etí ni wọ́n fi ń wá a.

Ká má tíì dé orí "bẹ́ẹ̀". Ohùn méjì, lílù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Wàá fa ọṣán kó o tó lù, wàá sì tú u nígbà tí ìró ṣì ń hùn nínú igi. Bó o bá tètè tú u, ìsàlẹ̀ nìkan la gbọ́. Bó o bá pẹ́, ìró ti kú. Ọmọ Àyàn ń ṣe é láìwo ọwọ́. Ìwọ, ahọ́n rẹ á yọ síta bíi tẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Lóòótọ́, etí lè gbọ́ ìlù kan ní oríṣiríṣi: mo rántí ìlù tí wọ́n fi ń dá iléeṣẹ́ rédíò ìjọba mọ̀ láyé ọjọ́un. Orúkọ iléeṣẹ́ náà ni wọ́n ní ó ń pè. Àwọn kan láàárín wa gbọ́ pé ó ń bèèrè ẹni tí yóò jọba bí Olúbàdàn bá wàjà. Àwọn mìíràn ní ó ń lé olówó èlé pé kò sí onígbèsè nílé yìí, kó lọ sílé kejì. Má fìyẹn ṣe àwíjàre o. Ní tìrẹ, gbogbo wa la gbọ́ ọkọ́.

Ìkómọ wà ládùúgbò ní Sátidé. Gúdúgúdú ni mo bá ọ gbà: kò sí ọṣán tí wọ́n ń fà lára rẹ̀. Àmọ́ bó o bá fẹ́ ìyáàlù, fi ìlù pe "bẹ́ẹ̀" kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìyá àgbà ọjọ́sí yóò jókòó tì mí láti gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jókòó níwájú lọ́jọ́ náà, tí kò rí ibi sá sí.